Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣíṣètò Ìwọ̀n Ohùn Gìtá Oníná Tí À Ń Gbà Sínú Kọ̀ǹpútà

Kí ni ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé?

Bí a bá ta okùn gìtá oníná, pickup tó wà lábẹ́ okùn náà á sọ gbígbọ̀n rẹ̀ di iná mànàmáná tó kéré jọjọ. Iná yìí ló ń gba inú wáyà lọ sínú interface, ìyẹn àpótí kékeré tí a fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Interface á máa wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì máa kọ iye tó bá rí sílẹ̀. Bí iná náà ṣe tóbi tó lásìkò tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni à ń pè ní ìwọ̀n ohùn tó ń wọlé.

Iye tó ga jù lọ tí interface lè kọ sílẹ̀ ni 0 dBFS (dB ni à ń fi wọn bí ohùn ṣe ga tó, FS sì dúró fún òpin ohun tí interface lè kọ), kò sì sí nǹkan kan lókè rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n yòókù wà nísàlẹ̀ òdo, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àmì ìyọkúrò níwájú wọn: -6, -12, -18. Ohùn tó bá fẹ́ ga ju òdo lọ, interface á gé orí rẹ̀ dànù, etí á sì gbọ́ ọ bí ohùn tó fọ́.

Ṣé mo lè ki wáyà gìtá bọ ihò máìkì ara laptop tààrà?

Ohùn á wọlé, àmọ́ kò ní dára. Máìkì kékeré ti headphone ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ihò yẹn. Ó ń fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ síta fún máìkì náà, ó sì ń fa agbára pickup gìtá sílẹ̀ débi pé dídún ṣooro inú ohùn náà á kú. Lórí Windows, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tún lè máa gbé ohùn sókè kó sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín.

Bí owó interface kò bá tíì sí, ẹ lọ sí ibi ètò ohùn, kí ẹ sọ Microphone Boost di òdo, kí ẹ sì pa gbogbo Audio Enhancements. Ẹ ó ṣì rí nǹkan fi kọ́ṣẹ́. Interface tó kéré jù lọ tó ní ihò gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú owó fún, kí ẹ tó ra plugin kankan, ìyẹn àfikún sọ́fítíwíà tó ń yí ohùn padà.

Ihò wo lára interface ni gìtá ń lọ?

Ihò tí wọ́n kọ INST tàbí Hi-Z sí, tàbí tí wọ́n ya àwòrán gìtá sí lára. Lórí ọ̀pọ̀ interface, ihò kan náà ló ń gba máìkì, line (ohùn tó ń ti inú ẹ̀rọ mìíràn bíi kíbọọ̀dù bọ̀) àti gìtá, bọ́tìnnì kékeré kan tàbí ibì kan nínú sọ́fítíwíà rẹ̀ ni a ó sì fi sọ fún un pé gìtá ló ń bọ̀.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé pickup tí kò ní bátìrì kò lágbára. Ihò tó bá a mu ni èyí tí resistance rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 ohm. Ihò line sábà máa ń wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ohm, ihò máìkì kò sì ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Bí a bá ki gìtá bọ àwọn yẹn, wọ́n á fa agbára rẹ̀ mu, okùn kìíní àti ìkejì ló sì máa kọ́kọ́ jìyà.

Ẹ lè fi etí ara yín dán an wò. Ẹ tan INST, kí ẹ ta okùn tó tín-ín-rín jù lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó dún tán. Ẹ wá pa INST, kí ẹ tún ta okùn yẹn bákan náà. Ohùn kejì á dà bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo sípíkà. Kò sí bí ẹ ṣe lè gbé gain (bọ́tìnnì interface tó ń gbé ohùn tó ń wọlé sókè) sókè tó tí dídún tó sọnù yẹn á fi padà wá.

Báwo ni mo ṣe máa ṣètò gain gan-an?

Ẹ ṣí volume àti tone ara gìtá tán pátápátá, kí ẹ sì yan pickup tí ohùn rẹ̀ ga jù nínú àwọn tí ẹ máa lò fún orin náà. Ẹ yí gain interface sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣí track kan (ìlà tí ohùn kan ń wọlé sí) tó jẹ́ mono, ìyẹn olójú ọ̀nà kan, nínú sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń gba ohùn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń mú un gbaradì fún gbígba ohùn, kí mítà rẹ̀ lè máa gbéra.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta ibi tó le jù nínú orin tí ẹ fẹ́ gbà gan-an, bí ẹ ó ṣe ta á nígbà tí ìlù bá ti wọlé. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ ń tún okùn gìtá ṣe ni à ń wọ̀n ohùn. Ẹ ta á fún ìdajì ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí ẹ máa yí gain sókè díẹ̀díẹ̀ títí ibi tó ga jù lórí mítà á fi máa kan nǹkan bíi -10 dBFS. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ yín, bí ó bá sì ti kọjá -6, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀n ohùn, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ta okùn. Tí orin bá ti gbóná, ọwọ́ á le láìmọ̀. Mo ti gba gìtá odidi orin kan sílẹ̀ rí lóru, pẹ̀lú gain tí mo ṣètò nígbà tí mò ń fi àtàǹpàkò rọra ta á. Nígbà tí orin dé ibi ègbè, mo gbàgbé ara mi, ibi mẹ́sàn-án ló sì fọ́. Láti ọjọ́ náà, ègbè ni mo máa ń kọ́kọ́ ta fún ìwọ̀n.

Nọ́ńbà wo gan-an ni kí n máa fojú sí?

Fún gìtá tó wọlé tààrà, kí ibi tó ga jù máa bọ́ sí àárín -12 sí -6 dBFS, kí èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn náà sì máa rìn ní agbègbè -18. Tí ẹ bá fi wà nísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò sí aburú níbẹ̀.

Ẹ má fi àwọ̀ iná ara interface nìkan ṣe ìdájọ́. Lára ẹ̀rọ kan, iná lè ti di yẹ́lò kí ohùn tó sún mọ́ òdo rárá. Lára òmíràn, ó lè wà ní àwọ̀ ewé títí ohùn á fi kù díẹ̀ kó fọ́. Mítà inú sọ́fítíwíà tó ní nọ́ńbà ni kí ẹ gbà gbọ́. Púpọ̀ nínú wọn máa ń pa àmì pupa mọ́ sórí track lẹ́yìn tí ohùn bá ti fọ́, títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá tuntun ni.

Bí mi ò bá gbé e sún mọ́ òdo, ṣé ohùn mi ò ní tín-ín-rín?

Rárá. Láti ayé téèpù ni ìmọ̀ràn yẹn ti wá, nígbà tí ariwo téèpù fúnra rẹ̀ ga tó sì yẹ kí ohùn orin bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń gba ohùn ní 16-bit (ìyẹn bit 16 ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀), tí àyè rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 96 dB.

Ní 24-bit, àyè náà jẹ́ nǹkan bíi 144 dB lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná inú interface kì í jẹ́ kó pé tó bẹ́ẹ̀. Bit kan dúró fún 6 dB. Bí ibi tó ga jù nínú ohùn yín bá wà ní -18, bit 3 péré lẹ fi sílẹ̀. Ó ṣì ku 21, èyí tó fi bit 5 ju 16 lọ. Ẹ lọ wo ètò sọ́fítíwíà yín kí ẹ rí i dájú pé 24-bit lẹ wà, kí ọkàn yín sì balẹ̀.

Mi ò gbọ́ gìtá dáadáa nínú headphone. Ṣé kí n gbé gain sókè?

Ẹ má fọwọ́ kan gain. Volume headphone ni kí ẹ gbé sókè, tàbí kí ẹ rẹ ohùn orin tí ẹ fi ń bá gìtá rìn sílẹ̀. Ohun tí etí ń gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀, bọ́tìnnì wọn sì yàtọ̀. Nínú gbogbo ohùn tó fọ́ tí àwọn èèyàn ti mú wá kí n bá wọn wò, àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù.

Bí ohùn bá ti ga jù, ṣé kí n kàn fa fader (bọ́tìnnì volume track) sílẹ̀ nínú sọ́fítíwíà kò tó?

Kò tó. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti wọn ohùn tán ni fader wà. Ohùn tó ti fọ́ nígbà tó ń wọlé, tí ẹ bá fà á sílẹ̀, ohùn fífọ́ tó lọ sílẹ̀ ni ẹ ó gbọ́. Gain ara interface, volume ara gìtá àti pedal (àpótí ẹsẹ̀ tó ń yí ohùn gìtá padà) tó wà láàárín wọn nìkan ló lè gbà yín.

Ṣé kí n rẹ volume gìtá sílẹ̀ ni, àbí gain?

Gain ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ gìtá, bí volume bá ti kúrò ní òkè pátápátá, dídún ṣooro máa ń bá a lọ, pàápàá tí wáyà bá gùn. Bí ohùn tó ṣú díẹ̀ yẹn bá wù yín fún orin náà, ẹ lò ó nítorí adùn rẹ̀, kí ẹ wá tún gain wọ̀n lẹ́yìn náà.

Gain mi ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn ṣì ń fọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ó wọ́pọ̀ pẹ̀lú pickup tó ń lo bátìrì 9 volt àti àwọn humbucker (pickup oníkọ́ìlì méjì) tó lágbára gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá interface yín ní bọ́tìnnì PAD, tó máa ń gé 10 tàbí 20 dB kúrò. Bí kò bá sí, ẹ sọ pickup kalẹ̀ díẹ̀ kúrò lábẹ́ okùn. Ìṣó méjì ló sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ yí wọn ní ìdajì ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ta gìtá, kí ẹ tún wò ó. Ohùn á lọ sílẹ̀, ìró okùn kọ̀ọ̀kan á sì tún yọ ketekete sí i.

Pickup tó ní bátìrì ti ní agbára tirẹ̀, nítorí náà a lè ki òun bọ ihò line láìsí pé ohùn rẹ̀ ṣú. Ẹ tún yẹ bátìrì náà wò. Tó bá ti fẹ́ kú, inú gìtá gan-an ni ohùn á ti fọ́, ẹ ó sì máa bá interface jà lásán.

Gain ti dé òpin, ohùn ṣì kéré. Níbo ni ó ti ń jò?

Ẹ tẹ̀ lé e láti orí gìtá wá: bóyá volume ara gìtá wà lókè, bóyá volume pedal kankan wà nílẹ̀, bóyá wáyà ń já nínú, bóyá INST kò tàn. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ló máa ń jẹ́. Wáyà gìtá tó tọ́ ní òrùka dúdú kan ṣoṣo ní ẹnu rẹ̀. Èyí tó ní méjì jẹ́ ti headphone tàbí ti line, ó sì lè fa ìdààmú lára àwọn interface kan.

Gìtá ń kùn ṣáá. Ṣé gain ló fà á?

Gain kò fà á, ó kàn ń fi í hàn ni. Ohun tó ń kùn ní ohùn kan ṣoṣo yẹn sábà máa ń jẹ́ iná ilé, tó jẹ́ 50 Hz ní Nàìjíríà àti Bìrìtìkó, tó sì jẹ́ 60 Hz ní Amẹ́ríkà. Pickup oníkọ́ìlì kan máa ń gbà á wọlé bí eríà rédíò. Humbucker ní kọ́ìlì méjì tí wọ́n wé lódì sí ara wọn, kí kíkùn ọ̀kan lè pa ti èkejì. Bí ẹ bá rẹ gain sílẹ̀, gìtá àti kíkùn á jọ lọ sílẹ̀ ni, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ní yí padà.

Ẹ yọ ṣájà laptop, kí ó máa lo bátìrì. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ ni kíkùn máa ń parí sí. Bí kò bá parí, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ rọra máa yí ara yín pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́: ẹ ó dé igun kan tí kíkùn náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ẹ sàmì sí ilẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa gba ohùn. Ẹ jìnnà sí ṣájà fóònù, sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, àti sí ínfátà olówó pọ́ọ́kú, torí iná tí irú rẹ̀ ń gbé jáde kì í dán mọ́rán bíi ti NEPA.

Bí kíkùn bá dín kù nígbà tí ọwọ́ yín kan okùn gìtá, ẹ wo ọ̀rọ̀ earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀. Nínú àwọn ilé tí ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní wáyà kankan lẹ́yìn, kò sí interface tó lè wo kíkùn yẹn sàn. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè.

Kí ló dé tí gìtá jùjú tí kò ní distortion (ohùn tí a mọ̀ọ́mọ̀ fọ́) fi nira láti wọ̀n ju gìtá rọ́ọ̀kì lọ?

Nítorí bí okùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìró rẹ̀ ni. Nínú jùjú, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ King Sunny Adé àti Ebenezer Obey, onígìtá ń já ìró kọ̀ọ̀kan ní kíákíá, á tẹ okùn pa, á tún bọ́ sí òmíràn. Bí ìka ṣe kan okùn, ohùn á ta sókè fún bí ìṣẹ́jú akàn, á sì já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Etí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka títa sókè yẹn sí, ṣùgbọ́n interface ń wọ̀n ọ́n. Distortion ní tirẹ̀ ti gé orí ohùn náà dọ́gba kó tó jáde, tí mítà á fi dúró sójú kan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé gìtá tẹ́nọ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ ń kan -7 nígbà tí àárín rẹ̀ wà ní -24. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Adùn jùjú wà nínú títa sókè kékeré yẹn, ó sì dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi gain àsọdùn gé e kúrò. Ẹ fún un láyè lókè.

Gìtá mẹ́rin ni mo fẹ́ gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tò wọ́n lé ara wọn. Ṣé ìwọ̀n kan náà ni?

Ìwọ̀n kan náà ni, àmọ́ ẹ rántí pé wọ́n á pàdé níbì kan. Track méjì tó yàtọ̀ síra, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, á fi nǹkan bíi 3 dB ga ju ọ̀kan lọ. Mẹ́rin á fi nǹkan bíi 6 dB ga. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wà ní -2, àpapọ̀ wọn á kọjá òdo kí ìlù tó wọlé rárá. Èyí ṣeé fi fader tún ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kankan nínú wọn kò bá ti fọ́ nígbà tó ń wọlé.

Ṣé mo lè fi wáyà so ihò sípíkà amplifier mọ́ interface?

Ẹ má dán an wò láéláé. Amplifier tó ń gbé 50 watt sínú sípíkà 8 ohm ń ti 20 volt jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni gìtá fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ volt 1. Interface á jóná. Bí amplifier náà bá tún jẹ́ oní-tube, yíyọ sípíkà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lè ba òun náà jẹ́. Ihò tí wọ́n kọ LINE OUT tàbí DI OUT sí ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ki í bọ ihò line pẹ̀lú INST ní pípa.

Bí ó bá jẹ́ máìkì ni mo gbé síwájú amplifier ńkọ́?

Ìwọ̀n -12 sí -6 yẹn náà ni. Máìkì bíi Shure SM57, tí àwọn èèyàn ti ń gbé síwájú sípíkà gìtá láti ọjọ́ pípẹ́, kò nílò iná 48V tí interface máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn máìkì kan, nítorí náà ẹ pa iná náà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí máìkì máa wà kí ẹ tó wọn gain: bó bá kọjú sí àárín gbùngbùn sípíkà, ohùn á ṣooro, bí ẹ bá ti ń sún un lọ sí etí, á máa rọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún un, ẹ tún gain wọ̀n.

Plugin amplifier mi ń ní distortion ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kò ní in tó. Ṣé ìwọ̀n ohùn ló fà á?

Ó ṣeé ṣe gan-an. Plugin tó ń ṣe bí amplifier máa ń fèsì sí bí ohùn tó wọ inú rẹ̀ ṣe ga tó, gẹ́gẹ́ bí amplifier gidi ṣe ń ṣe. Bí ẹ bá fi 6 dB gbé gain interface sókè, ohùn tó yẹ kó mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, ẹ ó sì rò pé plugin náà kò dára.

Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe plugin máa ń kọ ìwọ̀n tí wọ́n retí sínú ìwé rẹ̀, ní dBu, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà wọlé. Ẹ wá inú ìwé interface yín fún ìwọ̀n tó ga jù tí ihò gìtá rẹ̀ lè gbà nígbà tí gain wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ká ní plugin retí pé 12 dBu ni 0 dBFS, tí interface yín sì ń gba 15 dBu: ohùn yín á fi 3 dB kéré sí ohun tó ń retí. Ẹ fi gain interface sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ wá fi 3 dB kún bọ́tìnnì input ara plugin. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo ọ̀nà mìíràn lọ, torí pé ohùn tí ẹ gbà lónìí àti èyí tí ẹ máa gbà lóṣù tó ń bọ̀ á bá ara wọn mu.

Sọ́fítíwíà mi ń lo 32-bit float. Ṣé ohùn ṣì lè fọ́?

Nínú sọ́fítíwíà, ohùn lè kọjá òdo kí ẹ sì fà á padà láìsí ewu. Àmọ́ ohùn ti kọjá lọ́dọ̀ interface kó tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ interface sì jẹ́ 24-bit. Ohun tí interface bá ti gé, gígé ni fáìlì 32-bit máa gbà. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi converter (ohun tó ń sọ iná di nọ́ńbà) méjì sí ihò kan, ọ̀kan fún ohùn kékeré, ọ̀kan fún ohùn ńlá, tí ohùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń fọ́ nínú wọn. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ máa wọn gain bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohùn ti fọ́, mi ò sì lè tún un gbà. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Díẹ̀. Plugin declip máa ń wo bí ohùn ṣe ń gòkè kó tó di pé wọ́n gé e àti bó ṣe ń sọ̀ lẹ́yìn náà, á wá fi òye ya orí tó sọnù. Bí ibi tó fọ́ bá kéré, tí kò ju ìbẹ̀rẹ̀ ìró méjì mẹ́ta lọ, ó lè má hàn mọ́. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fa track náà sílẹ̀ ní 6 dB, kí orí tuntun tó fẹ́ yà lè rí àyè.

Ní ti gìtá jùjú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìgbà mìíràn tí ẹ ta gbólóhùn kan náà nínú orin yẹn wà tí kò fọ́. Orin tó ń yípo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní i. Ẹ gé e láti ibi tí ìka ti kan okùn gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bàjẹ́, kí ẹ sì fi fade tó kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá so ẹnu méjèèjì pọ̀.